Títún Ọgbà Àtijọ́ Ṣe Lẹ́yìn Ìfẹ̀yìntì, Nígbà Tí Ara Ò Fi Bẹ́ẹ̀ Le: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè ìsàlẹ̀ yìí làwọn ọmọ Yorùbá tó ti fẹ̀yìntì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi òkú ṣíṣe àti nínú bọ́ọ̀sì, látìgbà tí wọ́n ti gbọ́ pé mò ń bá wọn tún ọgbà àtijọ́ kan ṣe. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìntì. Orúnkún mi méjèèjì ti ń yọ mí lẹ́nu, mo sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni dókítà yín o. Ohun tí mo bá sọ nípa àìsàn, ẹ fi lọ dókítà yín kí ẹ tó ṣe é.

Irú ọgbà wo là ń sọ gan-an?

Kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé ẹnikẹ́ni. Ọgbà táwọn ọlọ́rọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá yí ilé ńlá wọn ká ní nǹkan bí igba tàbí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn ni. Adágún omi tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ wà níbẹ̀, ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́, ilé onígíláàsì, àti ọgbà olódi, ìyẹn ilẹ̀ tí wọ́n fi bíríkì mọ odi gíga yí ká kí atẹ́gùn má baà ba èso àti ewébẹ̀ inú rẹ̀ jẹ́. Òṣìṣẹ́ rẹpẹtẹ ló ń tọ́jú irú ọgbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ibẹ̀ lọ sójú ogun. Ọ̀pọ̀ ò padà wálé mọ́, owó orí sì wọ àwọn onílé lọ́rùn. Bí igbó ṣe gba ọgbà nìyẹn.

Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù ni Heligan, ní Cornwall, tó jẹ́ ti ìdílé Tremayne. Igbó ti bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá kí Tim Smit àti John Willis, tó jẹ́ ọmọ ìdílé náà, tó wọ inú rẹ̀ lọ́dún 1990. Nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà, wọ́n bá orúkọ táwọn òṣìṣẹ́ náà fi pẹ́ńsù kọ sára ògiri ní oṣù kẹjọ ọdún 1914. Ẹ wo ìgbà tí wọ́n kọ ọ́: oṣù tí ogun bẹ̀rẹ̀ gan-an. Mi ò tíì rí òkúta ibojì tó dùn mí tó orúkọ ara ògiri yẹn.

Painshill náà wà ní Surrey. Charles Hamilton ló dá a, láàárín 1738 sí 1773. Nígbà tó yá, ó di ahoro. Ìjọba ìbílẹ̀ Elmbridge ra púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà lọ́dún 1980, wọ́n dá àjọ tó ń tọ́jú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1981, iṣẹ́ sì ń lọ níbẹ̀ di òní. Ẹ máa rántí ìyẹn bí ẹnì kan bá ń kán yín lójú pé kí ẹ parí ibùsùn òdòdó kan lóòjọ́.

Ṣé torí ká lè máa roko ọ̀fẹ́ la ṣe wá sílùú òyìnbó ni?

Ẹ̀gbọ́n kan ló bi mí báyìí níbi ọjọ́ ìbí, gbogbo tábìlì sì bú sẹ́rìn-ín. Mi ò bínú sí i, torí mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ wa, oko ni bàbá wa ń ro tó fi rán wa níwèé, ìwé náà la sì kà ká má baà roko. Ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ òru nílé ìwòsàn, tí wọ́n wá ní kó lọ máa fa koríko láìgba kọ́bọ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè pé kí ló dé.

Ìdáhùn mi ni pé kì í ṣe oko. Ní oko, bí ẹ ò bá ṣe é, ebi ń bọ̀. Nínú ọgbà yìí, ẹ̀yin lẹ máa mú ọjọ́ tó wù yín, ẹ̀yin lẹ máa mọ wákàtí tí ẹ lè dúró, kò sì sẹ́ni tó máa pè yín ní ọ̀lẹ. Ohun kejì tún wà. Ìfẹ̀yìntì nílẹ̀ yìí lè dákẹ́ jù. Ní Ìbàdàn, ẹni tó bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà á kí títí ẹnu á fi bó. Níbí, ẹ lè wà nílé láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ yín, àfi ẹni tó fẹ́ ta nǹkan lórí fóònù. Nínú ọgbà, wọ́n á dá iṣẹ́ dúró láago mọ́kànlá mu tíì, ẹni tí ò bá sì wá, wọ́n á béèrè rẹ̀. Àwọn dókítà pàápàá ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibùdó dókítà ní England lónìí, òṣìṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti darí aláìsàn síbi irú nǹkan báyìí, láìṣe oògùn.

Ẹni tí ò bá sì fẹ́ràn erùpẹ̀ rárá, kó jókòó jẹ́ẹ́. Ẹgbẹ́ akọrin náà wà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ bí ọgbà náà ṣe rí tẹ́lẹ̀?

Apá tó dùn jù lára iṣẹ́ yìí nìyí, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹni tí ara rẹ̀ ò le ti wúlò jù.

Ìwé ló ń ṣáájú. Àwọn àwòrán ilẹ̀ ńláńlá tí Ordnance Survey yà ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn fi gbogbo ọ̀nà, gbogbo ilé onígíláàsì, àti nígbà mìíràn igi kọ̀ọ̀kan hàn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé ìṣirò owó ilé náà: irúgbìn tí wọ́n rà, iye tí wọ́n san fún bíríkì, owó ọ̀sẹ̀ ọmọdékùnrin tó ń fọ ìkòkò. Fọ́tò ìdílé náà wúlò. Wọ́n lè ti ya fọ́tò nítorí ìyàwó tuntun, kó jẹ́ pé igi píà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ là ń wò.

Lẹ́yìn ìwé ló kan ilẹ̀. Ẹ bó koríko kúrò díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́, ẹ ó bá òkúta wẹ́wẹ́ ọ̀nà àtijọ́ nísàlẹ̀, etí rẹ̀ gún régé bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀. Ẹ lọ wo odi bíríkì. Láyé ìgbà yẹn, wọ́n máa ń kan ìṣó mọ́ odi, wọ́n á fi awẹ́ aṣọ tàbí awọ so ẹ̀ka igi eléso mọ́ ọn kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ sára bíríkì tó gbóná. Igi ti kú tipẹ́, ìhò ìṣó ṣì wà níbẹ̀. Mo ti dúró níwájú odi bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí oòrùn ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, tí òjìji gbé ìhò kọ̀ọ̀kan síta. Àwọn ìhò náà bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan nísàlẹ̀, wọ́n là sókè sọ́tùn-ún sósì. Igi tí ẹnikẹ́ni tó wà láàyè ò rí rí ló wà lára odi yẹn, gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ pé. Ẹni tó kọ́kọ́ rí i láàárín wa, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó jókòó sórí àga nítorí ẹsẹ̀, kò sì sí nǹkan mìíràn tó ń wò ju odi lọ.

Àríyànjiyàn wá máa ń dé nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ ọdún wo ni kí wọ́n dá ọgbà padà sí. Ní ààfin àtijọ́ Hampton Court, wọ́n dá ọgbà àdáni ọba padà sí bó ṣe rí lọ́dún 1702, wọ́n sì parí rẹ̀ lọ́dún 1995. Kí wọ́n tó ṣe é, wọ́n ní láti gé àwọn igi tó ti dàgbà di ńlá níbẹ̀. Ọgbà náà rẹwà, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, igi tó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún lórí ilẹ̀ náà ti di ara ìtàn ilẹ̀ ọ̀hún, èmi ì bá má gé e. Ní Biddulph Grange ní Staffordshire, ó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé náà ti di ilé ìwòsàn, wọ́n sì ti da ilẹ̀ bo apá kan ọgbà. Nígbà tí National Trust, àjọ aláàánú tó ń tọ́jú ilé àti ilẹ̀ àtijọ́, gbà á lọ́dún 1988, ńṣe ni wọ́n hú ilẹ̀ náà padà báwọn awalẹ̀pìtàn ṣe ń ṣe.

Mi ò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mi ò lè gbẹ́rù. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?

Ó pọ̀. Èrò àwọn ènìyàn ni pé ṣọ́bìrì àti bárò nìkan ló wà níbẹ̀. Ìyẹn wà lóòótọ́, àwọn tó lágbára ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ọgbà kan náà ń wá ẹni tó máa jókòó sídìí tábìlì gbin irúgbìn sínú agolo, ẹni tó máa kọ orúkọ sára pátákó kékeré, ẹni tó máa da ìwé ìṣirò àtijọ́ kọ sínú kọ̀ǹpútà, ẹni tó máa ya fọ́tò ojú kan náà lóṣooṣù kí wọ́n lè rí bó ṣe ń yí padà, àti ẹni tó máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà kí àlejò káàbọ̀. Tó bá di ìgbà ìwọ́wé, irúgbìn á wà láti fẹ́ àti láti ṣà. Ẹni tó bá ti ṣa ẹ̀wà rí níwájú ìyá rẹ̀ ò nílò kí wọ́n kọ́ ọ. Òyìnbó tó ń darí wa níbẹ̀ ya ẹnu sílẹ̀ nígbà tó rí bí ọwọ́ mi ṣe ń yára.

Fún iṣẹ́ orí ìdúró, ẹ béèrè ohun èlò tó yẹ ara yín. Ṣọ́bìrì ọlọ́wọ́ gígùn wà tí kò ní jẹ́ kí ẹ tẹ̀. Àpótí ìkúnlẹ̀ wà tó ní apá méjì tí ẹ lè dì mú dìde, tí ẹ bá sì dojú rẹ̀ dé, á di àga. Àlùmọ́gàjí tí wọ́n fi ń gé ẹ̀ka igi wà, tó máa ń gé e ní ìpele-ìpele, tí kì í fẹ́ agbára ọwọ́, ó dára fún ẹni tí aromọléegun ti mú ní ìka. Ẹ máa pààrọ̀ iṣẹ́ ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, bí ara bá tilẹ̀ ń sọ pé òun ṣì lè ṣe é. Ìrora orúnkún lè má dé nígbà tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ kejì ló máa ń dé, nígbà tí ẹ bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ṣé dandan ni kí n sọ àìsàn mi fún wọn?

Kò sófin tó ní kí ẹ ka gbogbo ìwé ilé ìwòsàn yín sí wọn létí, ṣùgbọ́n ẹ sọ èyí tó lè ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà. Ẹ pe olórí ọgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ sọ fún un pé òòyì máa ń kọ́ yín, tàbí pé ọwọ́ òsì yín ò lè gbé nǹkan mọ́. Àṣà wa ni pé ká fi àìsàn pamọ́ kí ayé má baà gbọ́, tí wọ́n bá sì béèrè, ká ní kò sí wàhálà. Mo ti rí ibi tí “kò sí wàhálà” gbé bàbá kan dé: orí àkàbà ni wọ́n gbé e gùn. Àwọn tó gbé e sórí rẹ̀ ò mọ nǹkan kan, kò sí ẹ̀bi tiwọn níbẹ̀.

Ẹ kọ orúkọ oògùn yín àti nọ́ńbà ọmọ yín sórí páálí kékeré, kí ẹ fi sápò ẹ̀wù tí ẹ máa ń wọ̀ lọ.

Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mo sì ní àtọ̀gbẹ. Kí ni kí n ṣọ́ra fún?

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń mú kí òòyì kọ́ni bí a bá kúnlẹ̀ pẹ́ tí a sì fò dìde lójijì. Ẹ dìde ní ìdajì, ẹ di nǹkan mú, ẹ mí, kí ẹ tó nàró. Bó bá jẹ́ amlodipine lẹ̀ ń lò tí ọrùn ẹsẹ̀ yín sì máa ń wú, ìdúró pípẹ́ ò dáa fún yín, ẹ wá iṣẹ́ orí àga. Ẹni tó ń lo oògùn tó ń múni tọ̀, kó kọ́kọ́ béèrè ibi tí ilé ìtọ̀ wà kó tó béèrè ibi tí òdòdó wà. Ọgbà ibòmíràn tóbi gan-an.

Ní ti àtọ̀gbẹ, ẹsẹ̀ ni kókó. Bí ẹsẹ̀ yín ò bá fi bẹ́ẹ̀ mọ nǹkan lára mọ́, òkúta kékeré nínú bàtà lè dá egbò tí ẹ ò ní mọ̀ títí yóò fi di ọ̀ràn. Ẹ gbọn bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ tí ẹ bá délé. Iṣẹ́ ara lè mú ṣúgà já wálẹ̀, pàápàá fún ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin. Súwíìtì nínú àpò, kì í ṣe nínú mọ́tò.

Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó jìnnà sí igi rósì tàbí kó wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ tó dé ìgúnwọ́. Ẹni tó ní gilọ́kómà, kó má máa dorí kodò ṣiṣẹ́, torí ó ń fi kún agbára tó ń ti ojú láti inú. Kó sì ṣọ́ ọ̀pá tí wọ́n gúnlẹ̀ láti gbé ẹ̀wà ró. Ọ̀pá yẹn lè ṣe ojú léṣe. Ó yẹ kí ìdérí wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí kò bá sì sí, ẹ sọ̀rọ̀.

Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ńkọ́?

Òtútù àti òùngbẹ lọ̀tá yín, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń pèsè àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má lọ gé igi ápù níta ní oṣù kìíní nítorí pé gbogbo ẹgbẹ́ ń lọ. Inú ilé onígíláàsì ni kí ẹ wà, tàbí kí ẹ máa ka ìwé nínú ọ́fíìsì títí ilẹ̀ á fi móoru. Ẹ wọ aṣọ fẹ́ẹ́lẹ́ mẹ́ta léra dípò kóòtù kan tó wúwo, ẹ máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Bí ẹ bá rí i pé ìrora ti ń yọ́ bọ̀, ẹ máa lọ sílé. Ẹ ò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé.

Mò ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ lọ́wọ́. Ṣé mo lè wá?

Ẹ gbọ́dọ̀ bi dókítà tó ń tọ́jú yín ní pàtó, torí kẹ́mò (oògùn tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ) máa ń sọ agbára tí ara fi ń gbógun ti àìsàn di kékeré, ilẹ̀dú àti ewé jíjẹrà sì ní kòkòrò àti olú tíntìntín tí ara tó dá pé lè gbé ṣùgbọ́n tí tiyín lásìkò yẹn lè má gbé. Iṣẹ́ ìwé àti fọ́tò ò ní ewu yẹn. Obìnrin tí wọ́n bá ti yọ kókó abẹ́ abíyá rẹ̀ nítorí jẹjẹrẹ ọmú, kó má fi ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ yẹn ṣiṣẹ́ láìwọ ìbọ̀wọ́, kódà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Ewu wo ló wà nínú àwọn ewéko àti ilẹ̀ fúnra wọn?

Ẹ má tọ́ ewé wò. Mo mọ̀ pé nílé, a máa ń ra ewé lọ́wọ́, a ó gbóòórùn rẹ̀, a ó fi kan ahọ́n ká lè mọ̀ ọ́n. Níbí, òdòdó tó rẹwà jù lè jẹ́ májèlé: foxglove lè da ọkàn rú, monkshood burú jù ú lọ, ewé àti kóró igi yew náà ń pani. Oje giant hogweed máa ń bó awọ ara bí oòrùn bá pa á. Ìbátan oró agogo tiwa, tí òyìnbó ń pè ní spurge, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, oje funfun rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kan ojú.

Àpò ilẹ̀dú tí wọ́n rà ní ọjà, ẹ gé e jìnnà sí imú yín, ẹ má fa eruku rẹ̀ símú, torí kòkòrò kan tó ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró lè wà nínú rẹ̀. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan bísíkíìtì. Kí ẹ sì bi nọ́ọ̀sì yín bóyá abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì yín pé.

Mo ti ń wà níta nínú oòrùn. Ṣé mo ṣì nílò fítámìn D?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ìmọ̀ràn NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba, ni pé kí àwa aláwọ̀ dúdú ronú lílo máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́ jálẹ̀ ọdún. Oòrùn ibí kò tó.

Bí ara bá kọ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́ ńkọ́?

Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, kí ẹ sì sùn.

Ṣé kò ní kan owó ìfẹ̀yìntì tàbí owó ìrànwọ́ mi?

Owó ìfẹ̀yìntì ìjọba, rárá. Ẹni tó ń gba owó ìrànwọ́ nítorí àìsàn náà lè yọ̀ǹda ara rẹ̀, bó bá ti jẹ́ pé owó ọkọ̀ àti irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ tó ná gan-an nìkan ni wọ́n ń dá padà fún un. Ṣùgbọ́n kó sọ fún àwọn tó ń san owó náà kó tó bẹ̀rẹ̀, kó má jẹ́ pé aládùúgbò ni yóò bá a sọ. Ní ti PIP (owó ìrànwọ́ fún ẹni tí àìsàn tàbí àbùkù ara ń dí lọ́wọ́), ohun tí wọ́n ń wò ni ohun tí ara yín lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe. Ẹ rí i pé ohun tí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù bá ohun tí ẹ ń ṣe nínú ọgbà mu. Ẹni tó fẹ̀yìntì kíákíá nítorí àìsàn, kó kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń san owó náà fún un, kó sì tọ́jú èsì wọn. Ìdáhùn orí fóònù kò tó.

Màmá mi wá láti Ìbàdàn wá bá wa tọ́mọ. Ó ti sú u nínú ilé. Ṣé ó lè tẹ̀ lé mi lọ?

Òfin físà àbẹ̀wò gba àlejò láyè láti yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún àjọ aláàánú tó forúkọ sílẹ̀, bí kò bá ti ju 30 ọjọ́ lọ lápapọ̀. Wọn kò gbọdọ̀ san owó fún un, kò sì gbọdọ̀ gba iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n gba òṣìṣẹ́ fún. Òfin ìwọ̀lú máa ń yí padà, nítorí náà ẹ tún un wò lórí ojú ewé ìjọba kí màmá tó wọ bàtà.

Ṣé èmi nìkan ni mo máa jẹ́ ènìyàn dúdú níbẹ̀?

Ó ṣeé ṣe, pàápàá lẹ́yìn odi Lọ́ńdọ̀nù. Mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn kan á bi yín níbi tí ẹ ti wá “gan-an”. Àwọn kan á pe orúkọ yín bí ẹni ń jẹ egungun ẹja. Ẹ kọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún kọ́ wọn. Àwọn tí mo bá níbi tí mo wà, ìtìjú ló ń ṣe wọ́n jù, kì í ṣe ìgbéraga. Bí ẹ bá sì dé ibi tí ojú tí wọ́n fi ń wò yín ò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kúrò. Ó lé ní 1,600 ọgbà àtijọ́ tó wà lórí àkọsílẹ̀ Historic England, àjọ tó ń dáàbò bo ohun àtijọ́ ní England, nìkan.

Ṣé kì í ṣe owó ẹrú ni wọ́n fi kọ́ àwọn ilé wọ̀nyí?

Owó ẹrú wà nínú púpọ̀ wọn. Lọ́dún 2020, National Trust fúnra rẹ̀ gbé ìròyìn jáde pé 93 nínú àwọn ibi tó wà lábẹ́ òun ló ní nǹkan ṣe pẹ̀lú òwò ẹrú tàbí ìjọba amúnisìn. Ìdílé Pennant tó ni Penrhyn ní Wales, oko ìrèké Jamaica ni wọ́n ti rí owó. Harewood nítòsí Leeds, tí kì í ṣe ti National Trust, owó ìrèké àti ẹrú ló gbé e dúró. Ní Dyrham Park, tó jẹ́ ti National Trust, ère ọkùnrin dúdú méjì wà tí wọ́n kúnlẹ̀, tí wọ́n gbé àwo dání. Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú, Brazil àti Cuba ni ọ̀pọ̀ wọn dé. Síbẹ̀, ìyẹn ò mú kí ère yẹn rọrùn fún mi láti wò.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní àwọn ò lè ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, mo sì gbà fún wọn. Èrò tèmi yàtọ̀. Ẹni tó bá wà nínú yàrá ìwé ló máa rí ojú ewé tí wọ́n kọ owó ìrèké sí, òun náà ló sì lè sọ pé ó yẹ kó hàn lórí pátákó tí àlejò ń kà. Bí gbogbo wa bá dúró síta, àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀ òdòdó nìkan ló máa kọ pátákó náà. Ẹ béèrè ìtàn owó ilé náà lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ ṣe àbẹ̀wò. Bí ojú wọn bá yí padà, ẹ ti rí èsì.

Ṣé mo lè gbin ewédú àti tẹ̀tẹ̀ níbẹ̀?

Nínú ọgbà tí wọ́n ń dá padà sí ọdún kan pàtó, rárá, àfi bí ìwé bá fi hàn pé wọ́n gbin ín rí. Ṣùgbọ́n ìbátan tẹ̀tẹ̀ kan ti wà nínú ọgbà òyìnbó láti ọ̀rúndún mélòó kan sẹ́yìn. Love-lies-bleeding ni wọ́n ń pè é, òdòdó rẹ̀ pupa, ó sì ń wọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo sọ pé à ń se ẹbí rẹ̀ lọ́bẹ̀, wọ́n rò pé mò ń ṣàwàdà. Ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ̀ òyìnbó tún ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ní Heligan, wọ́n tún kòtò tí wọ́n ti ń gbin ín láyé àtijọ́ ṣe. Ìgbẹ́ ẹṣin tútù ni wọ́n ń kó sí kòtò ọ̀tún àti tòsì, kí ooru rẹ̀ lè gba ihò ara ògiri wọ àárín. Gbogbo làálàá yẹn, lórí ohun tí à ń rà lẹ́bàá títì nílé tí a tún ń ná!

Ọkọ mi ti ń gbàgbé nǹkan. Ṣé a lè jọ máa lọ?

Ẹ lè jọ lọ, bí ẹ bá jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà ní ojú kan náà, tí wọ́n sì mọ̀ ṣáájú. Kí ó má di ohun èlò tó mú mú. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ wádìí Thrive, àjọ tó ń fi iṣẹ́ ọgbà tọ́jú aláìsàn àti abirùn. Wọ́n ní ọgbà ní Battersea Park ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ló wà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ wà láàárín ibi tí ẹ ti ń ran ọgbà lọ́wọ́ àti ibi tí ọgbà ti ń ran yín lọ́wọ́. Kò sí ìtìjú nínú èkejì.

Níbo ni kí n ti wá àyè?

National Trust àti English Heritage, àjọ mìíràn bíi rẹ̀, máa ń kọ àyè tó ṣí sílẹ̀ sórí ojú ewé wọn. The Gardens Trust ní ẹgbẹ́ ní àwọn àgbègbè káàkiri, ọ̀dọ̀ wọn ni iṣẹ́ ìwádìí ìwé pọ̀ sí. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọgbà olódi tó wà ní Chiswick House ti wà láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn olùyọ̀ǹda sì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ má gbàgbé pápá ìṣeré ìjọba ìbílẹ̀ yín, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọgbà ilé ńlá tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ ọgbà.

Kí ẹ tó kọ orúkọ sílẹ̀, ẹ lọ bí àlejò lásán. Ẹ wo bí ilẹ̀ ṣe gùn tó, bí bọ́ọ̀sì ṣe súnmọ́ ọn, bóyá àga wà, àti bóyá ọ̀nà láti ẹnu géètì dé ilé ìtọ̀ ṣeé rìn fún yín. Ẹ béèrè bóyá ètò ìbánigbófò wọn (insurance) ní gbèdéke ọjọ́ orí, torí àwọn kan ní in.

Kí ni kí n mú lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́?

Bàtà tí omi kì í wọ̀, ìbọ̀wọ́ tó bá ọwọ́ yín mu (tiwọn máa ń tóbi jù fún obìnrin), fìlà, oògùn ọ̀sán, omi, àti oúnjẹ tí ẹ lè jẹ tútù, torí máíkírówéfù ibẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ sí. Bí ẹ bá fẹ́ mú jọ̀lọ́ọ̀fù lọ, ẹ bù ú kó pọ̀. Wọ́n á tọ́ ọ wò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nígbà tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n á ti máa béèrè.